Ọkọ̀ Wágọ̀n, Ọ̀nà Hawan Kibo, àti Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn

Bí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n bá fẹ́ ra ọkọ̀ wágọ̀n ní ìlú Jos, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ gùn láti iwájú dé ìdí, tí ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì ṣí sínú ọkọ̀ dípò kí ó dá dúró bíi búùtù, ìbéèrè mẹ́rin ló sábà máa ń bi ẹni tó ń tà á: ṣé kì í mu epo jù, ṣé pátì rẹ̀ wà lọ́jà, ṣé wọn kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, ṣé ìwé rẹ̀ sì pé. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ gidigidi láti oṣù Kẹfà ọdún náà. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú wọn tó yẹ kí ó kọ ènìyàn lóminú: gbogbo wọn pátá ni a lè dáhùn nígbà tí ọkọ̀ náà dúró sójú kan. Kò sí èyí tó kan bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń gun òkè, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tàbí tó bá ń yí kọ́nà pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ nínú rẹ̀. Ìbéèrè karùn-ún, èyí tó yẹ kó bo àlàfo yẹn, kì í sábà jáde lẹ́nu ẹni tó ń ná ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, bí ẹni pé ìtìjú wà níbẹ̀: ṣé ọkọ̀ yìí dùn ún wà?

Èrò tó fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé adùn ìwakọ̀ jẹ́ ohun afẹ́, pé olówó ló tọ́ sí, àti pé ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé ìdílé àti ọjà rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Èrò yìí ni àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí a bá gbé e sí orí ilẹ̀ Jos, kì í dúró dáadáa.

Orí ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú ni Jos wà, ó sì fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí Àbújá tàbí kí ó gba Akwanga àti Keffi forí lé ilẹ̀ Yorùbá, yóò kọjá ní Bukuru àti Riyom kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ó ti ń já láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ń rá pálá níwájú àwọn tó ń kánjú. Ọkọ̀ tó rìn dáadáa ní ojú ọ̀nà títẹ́jú tó wà láàárín Rayfield àti Bukuru kò tíì jẹ́rìí sí ohunkóhun nípa bí yóò ti ṣe níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí a bá ti ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, ní ibi tó sì ga tó Jos, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àpòpọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo ni ẹ́ńjìnnì ń dáná sí kí ó tó rí agbára, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn fáànù tí èéfín ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, yóò pàdánù tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà kankan, epo yóò pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín yóò sì dúdú, àfi bí mẹkáníìkì tó mọ ilẹ̀ náà bá tún un ṣe. Omi pàápàá kì í dúró de ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó hó níbẹ̀. Ní nǹkan bí 96 ni yóò ti hó, nítorí náà ìdérí rédíétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́, tí a lè fojú fò dá ní Èkó, lè da ọkọ̀ dúró ní ìdajì òkè. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fi tayọ̀tayọ̀ sáré ní Ìkẹjà lè máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gbé ènìyàn márùn-ún àti àpò ànàmọ́ òyìnbó gun òkè padà sí Jos.

Ọkọ̀ tó kọ́ àwọn ará Nàìjíríà ní ohun tí wágọ̀n lè ṣe ni Pijó 504. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, wágọ̀n rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Nàìjíríà bá Peugeot tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láti máa to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ náà sì ṣí ní Kaduna ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ọdún kan náà tí Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìdíje tí eruku àti kòtò ọ̀nà rẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olókìkí jẹ́. Láti Kaduna ni àwọn Pijó ti ń jáde lọ sí gbogbo ìlú, wágọ̀n rẹ̀ sì di ọkọ̀ èrò láàárín ìlú sí ìlú, pẹ̀lú ìlà ìjókòó mẹ́ta àti ẹrù lórí òrùlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyèsí ni pé ẹ̀yìn wágọ̀n 504 yàtọ̀ sí ti èyí tó ní búùtù. Nínú ọkọ̀ tó ní búùtù, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀ kalẹ̀, kí ara ọkọ̀ lè fara balẹ̀. Nínú wágọ̀n, irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríìnì méjì-méjì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹrù tó wúwo ni yóò máa gbé. Wọ́n tún fa àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn gùn, láti nǹkan bí 2.74 mítà sí 2.90 mítà, kí ìlà ìjókòó kẹta lè rí ààyè. Ìpinnu wọn kò ṣòro láti lóye: wọ́n fi ìrọ̀rùn díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí agbára àti àyè. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó san owó pàṣípààrọ̀ yẹn yóò padà wá nísàlẹ̀.

Lónìí, 504 tó ṣì ń rìn ti di àgbà, àwọn tó sì gba ipò rẹ̀ lójú ọ̀nà àríwá Nàìjíríà jẹ́ Golf wágọ̀n, Sharan àti Sienna, tí èkejì àti ẹ̀kẹta kì í ṣe wágọ̀n gan-an, bí kò ṣe ọkọ̀ tó ga bíi bọ́ọ̀sì kékeré. Tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun kí ó tó dé, ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n sì máa ń gba Kùtọnu kọjá títí di ìgbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Nítorí pé tòkunbọ̀ ti wọ́n gan-an, èyí tí àpò mẹ̀kúnnù lè ká ní Jos sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò nílẹ̀ yìí fún ọdún díẹ̀, tó sì ti mọ kòtò wa dáadáa.

Láàárín àwọn tó wà lọ́jà, ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà ní ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn gbogbo irin, rọ́bà, sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì tó gbé ara ọkọ̀ lé orí táyà. Passat wágọ̀n tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990 dùn ún wà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní apá irin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà àti oríkèé tirẹ̀, tí kòtò sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, tí owó àtúnṣe rẹ̀ lè mú ẹni tó ra ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ṣe kàyéfì. Golf 3 wágọ̀n kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọrùn, pátì rẹ̀ wà níbi gbogbo, ó sì fúyẹ́. Wágọ̀n Mercedes-Benz 124, tó jáde ní ọdún 1985, ní ẹ̀rọ olóòróró kan tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ padà sókè nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun ìyanu gidi ni nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìnáwó gidi sì ni nígbà tó bá kọ iṣẹ́. Wágọ̀n Corolla kì í dá ènìyàn lóró, kì í sì í mú orí ènìyàn wú.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wágọ̀n àti adùn kò lè bá ara wọn gbé, ó yẹ kí a rántí pé ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ Volvo gbé wágọ̀n 850 lọ sínú ìdíje eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í sáré láàárín àwọn ọkọ̀ mìíràn ní gbogbo sáà yẹn. Ìdí tó fi ṣeé ṣe kò jìnnà: wágọ̀n súnmọ́ ilẹ̀. Ohun tó súnmọ́ ilẹ̀ kì í fì púpọ̀ bí ó bá ń yí kọ́nà, nígbà tí ọkọ̀ gíga tó gbé ẹrù kan náà yóò máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Kí wá ni adùn yìí gan-an? Bí a bá tú u palẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni. Èkínní ni pé sítíárìn, ìyẹn àgbá tí a fi ń darí ọkọ̀, ń sọ fún ọwọ́ ohun tí táyà ń bá pàdé nílẹ̀. Èkejì ni pé ẹ́ńjìnnì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, tí jíà sì ń wọlé láìjà. Ẹ̀kẹta ni pé ara ọkọ̀ ń fara balẹ̀ lẹ́yìn tó bá kọjá lórí gegele, kì í máa fò ṣáá. Ẹni tó bá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò rí i pé kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ohun afẹ́ nínú wọn. Sítíárìn tó yadi ń tọ́ka sí oríkèé tó ti jẹ tàbí táyà tó ti gbó. Jíà tó ń jà ń ròyìn kílọ́ọ̀ṣì. Ara ọkọ̀ tó ń fò ṣáá ń ròyìn ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń darúgbó, adùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú, kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò tàbí kí ó kán; nítorí náà ẹni tí kò ní owó láti tún ọkọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì nílò láti mọ adùn ìwakọ̀ ju olówó lọ. À ń sunkún, à ń ríran ni àwọn àgbà wí, àìlówó kò sì ní kí ènìyàn má fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ.

Ibí yìí ni ì bá ti yẹ kí àlàyé náà parí sí, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí ẹni tó fẹ́ rajà wa ọkọ̀ náà dé Hawan Kibo, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó gòkè padà, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó bá gbádùn. Ṣùgbọ́n ìrántí kan dí i lọ́nà. Ẹni tó ń kọ àròkọ yìí dàgbà láàárín àwọn Yorùbá tó tẹ̀ dó sí Jos, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn tí òwò àti iṣẹ́ ìwakùsà tánganran gbé débẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n sì máa ń kó ìdílé wọn sínú Pijó wágọ̀n lọ sílé nígbà Kérésìmesì àti Iléyá. Àgbà ló ń jókòó níwájú. Àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wà láàárín. Àwọn ọmọ tó ti lè dá jókòó ni wọ́n ń tò sí ìlà kẹta, lórí irin ẹ̀yìn gan-an, pẹ̀lú ẹrù tó ń tì wọ́n nídìí. Bí ọkọ̀ bá dé Hawan Kibo, awakọ̀ a yí jíà sí ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àgbà tó wà níwájú a sì máa yin awakọ̀ náà pé ó mọ ọkọ̀ wà, pé ọwọ́ rẹ̀ dá. Ní ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rùn ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó rí kọ́nà tó ń bọ̀, àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n há mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nítorí èébì kì í sì í pẹ́ kún. Ọkọ̀ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ìṣẹ́jú kan náà ni. Ẹnìkan ń jẹ adùn rẹ̀, ẹlòmíràn ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìrántí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán, nítorí ó ní àlàyé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ jókòó sí àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, níbi tí fífò ọkọ̀ ti kéré jù. Ó di sítíárìn mú. Ó sì mọ ohun tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é, nítorí òun ló pàṣẹ, ìdí sì nìyẹn tí èébì kì í fi í sábà gbé awakọ̀. Ẹni tó jókòó lórí irin ẹ̀yìn kò ní ọ̀kankan nínú àǹfààní wọ̀nyí. Òun ló san owó pàṣípààrọ̀ tí àwọn tó ṣe wágọ̀n 504 ṣe nígbà tí wọ́n yan irin líle dípò ìrọ̀rùn.

Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà síwájú, a ó rí ohun tó burú ju èébì lọ. Nígbà tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn wágọ̀n, ìdí ọkọ̀ á tẹ̀, iwájú á sì gbé sókè díẹ̀, táyà iwájú kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́. Nígbà náà sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń wa ọkọ̀ sì lè gbádùn ìfúyẹ́ yẹn, kí ó rò pé ọkọ̀ ń gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé àjọṣe táyà iwájú pẹ̀lú ọ̀nà ló ń dín kù. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn náà lè kú pátápátá láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀ ọ́n lára, níwọ̀n ìgbà tí òun nìkan bá wà nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wágọ̀n ní nítòsí táyà ẹ̀yìn, tó ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó kí ó tó pín agbára bíréèkì fún ẹ̀yìn, lè ti dípẹtà láti ọdún pípẹ́, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ má sì gbọ́ nǹkankan ní ojú ọ̀nà títẹ́jú. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rí adùn tí a gbé ga lókè yìí, bí ó ti wù kí ó jẹ́ òtítọ́ tó, ìdajì ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí ẹnìkan ni, ẹni náà sì ni ọkọ̀ ń fi ojúure hàn sí jù nínú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ yí padà. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe dùn ún wà nìkan ni yóò sọ èyí tó yẹ ká rà, bí kò ṣe bóyá adùn náà dé ìjókòó ẹ̀yìn. Adùn tó dé ẹ̀yìn ni adùn ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó pé, bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ déédéé, àti awakọ̀ tó ń ronú nípa kọ́nà kí ó tó dé ibẹ̀. Adùn tó parí sí ìdí sítíárìn sábà máa ń jẹ́ eré sísá lásán, àwọn tó wà lẹ́yìn ni yóò sì san án padà. Ẹni tó bá ń ra wágọ̀n, yálà ó fẹ́ fi kó ọmọ tirẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ tàbí ó fẹ́ fi kó èrò lọ sí Àbújá, ń ṣe yíyàn fún àwọn ènìyàn tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, ìdí nìyí tí ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀ràn ìwà, kì í ṣe ọ̀ràn mẹkáníìkì nìkan.

Ọ̀nà àyẹ̀wò náà kò ná ènìyàn ní owó púpọ̀. Kí olùrajà di ẹrù tó tó ti ìgbésí ayé rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó fi àgbàlagbà kan tó fọkàn tán sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, kí ó gba Riyom lọ sí Hawan Kibo ní òwúrọ̀ nígbà tí ọ̀nà bá ṣì dá, kí ó sì fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀ láìfi gbogbo ìgbà tẹ bíréèkì, nítorí bíréèkì tó bá gbóná jù kì í di ọkọ̀ mú mọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ jókòó sẹ́yìn ní àkókò ìgòkè padà. Kí ó yẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára táyà wò, nítorí méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é, bíi 2319 fún ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Lójú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, Golf wágọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọrùn, tí wọ́n sì tọ́jú, yóò máa borí Passat tí apá irin rẹ̀ ti gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Passat ni yóò dùn jù lọ́wọ́ awakọ̀ ní kìlómítà àkọ́kọ́. Pijó 504 tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá tọ́jú kò sì tíì tó ohun à ń pa tì, bí olùrajà bá gbà pé ìlà kẹta rẹ̀ yóò máa gbé ẹrù dípò ọmọ.

Bí owó bá sì ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ra ọkọ̀ náà tán, kí rédíò, kí ìjókòó aláwọ àti ọ̀dà tuntun ṣì dúró. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni kí a kọ́kọ́ fi pààrọ̀.